Ọ̀rọ̀ Inú, Ti Ẹni Tó Ni Ín Ni

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ìlera tòní.

Inú ọjà ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kan dé ìdí iṣu yín. Ó ní èló? Ẹ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà. Ó ní ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ lòun máa san. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kò gbà. Ṣùgbọ́n nínú yín lọ́hùn-ún, ẹ ti mọ̀ pé bó bá lè dé ẹgbẹ̀rún méjì àti igba, ẹ máa gbé e fún un. Iye yẹn, ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹ̀yin nìkan ni. Bàbá ilé ò mọ̀ ọ́n, ẹni tó pàtẹ tì yín ò mọ̀ ọ́n. Bí oníbàárà bá lè gbọ́ iye yẹn kí ẹ tó lanu, èrè ti lọ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ojú lásán la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Inú èèyàn kì í ṣe obì tí a lè là wò. Ohun tí ẹnu wa kò bá tíì sọ, tiwa ni. Ibẹ̀ la ti ń ka owó, ibẹ̀ la ti ń gbàdúrà, ibẹ̀ la ti ń bínú sí ìyakọ tí ẹnu ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹ̀rọ kan ti wà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ inú. Òun la fẹ́ sọ lónìí: ohun tó lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe, àti ìdí tó fi kan ilé wa.

Kí ẹ má bàa rò pé olè ló ṣe ẹ̀rọ yìí, nítorí aláìsàn ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ mọ rọpárọsẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní AVC. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé apá kan nínú ọpọlọ mọ́, tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bá bẹ́ níbẹ̀, apá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bó bá ṣẹlẹ̀ ní ìdí ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ okùn inú eegun ẹ̀yìn, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu lè kọ iṣẹ́ sílẹ̀, kí òye ẹni náà sì wà digbí. Ó ń gbọ́ yín. Ó mọ̀ yín. Ó ní èsì. Ẹnu ni kò gbà fún un. Àrùn mìíràn tún wà tí àwọn oníṣègùn Faransé ń pè ní SLA. Díẹ̀díẹ̀ nìyẹn ń pa àwọn iṣan tó ń gbé ẹran ara ṣiṣẹ́, títí ẹni náà ò fi ní lè sọ̀rọ̀ mọ́, tí ojú rẹ̀ á sì máa là kedere.

Ẹ wo ìyà yẹn. Kí ọ̀rọ̀ kún inú èèyàn, kó má rí ọ̀nà jáde.

Báyìí ni ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á fi iṣẹ́ abẹ ṣí egungun agbárí, wọ́n á tẹ ohun kékeré kan mọ́ ojú ọpọlọ, níbi tó ń darí ètè àti ahọ́n. Ohun náà kéré bíi hóró àgbàdo, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ 64 ló wà lára ọ̀kan ṣoṣo. Wáyà á wá gba agbárí jáde lọ bá kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ordinateur. Nígbà tí aláìsàn bá gbìyànjú láti sọ pé "omi", ètè rẹ̀ lè má mì rárá, ṣùgbọ́n ọpọlọ ti pàṣẹ fún ètè. Àwọn abẹ́rẹ́ yẹn á gbọ́ àṣẹ náà, kọ̀ǹpútà á to ìró mọ́ ìró títí á fi di ọ̀rọ̀, á sì kọ ọ́ síta tàbí kó fi ohùn sọ ọ́. Ẹ̀rọ yìí kì í mọ̀ ọ́n lójijì o. Aláìsàn ní láti jókòó tì í, kó máa sọ gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn fún un, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ABD.

Ní ọdún 2023, Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ròyìn obìnrin kan tó ń jẹ́ Pat Bennett, tí SLA ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń gbé ọ̀rọ̀ 62 jáde fún un láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní ọdún 2024, Yunifásítì California ní ìlú Davis ròyìn ọkùnrin kan tí SLA kan náà ń ṣe, Casey Harrell. Nínú ọ̀rọ̀ 100 tó bá fẹ́ sọ, ẹ̀rọ rẹ̀ ń mú nǹkan bí 97. Wọ́n sì ṣe é kí ohùn tó ń tinú ẹ̀rọ jáde jọ ohùn rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le. Ọkùnrin náà ní ọmọbìnrin kékeré kan nílé. Ó tún bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ta ló máa gbọ́ èyí tí kò ní dúpẹ́?

Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn yìí ní láti máa tiraka bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tó há. Ó ń rẹ̀ wọ́n. Àwọn ará Stanford wá bi ara wọn pé, bí aláìsàn bá kàn sọ ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀ ńkọ́, láìtiraka? Wọ́n dán an wò lára èèyàn mẹ́rin, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ inú náà ń fi àmì sílẹ̀ níbi kan náà nínú ọpọlọ. Àmì rẹ̀ kàn ṣe pẹ́lẹ́ ju ti ẹni tó ń tiraka lọ ni. Níbi tí ẹ̀rọ náà ti ṣe dáadáa jù, ó mú ọ̀rọ̀ 74 nínú 100 tí aláìsàn sọ sínú. Lára ẹlòmíràn, kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀. Wọ́n fi oríṣiríṣi àwòrán hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí wọ́n ka iye tó jẹ́ irú kan. Wọn ò ní kí wọ́n sọ nǹkan kan fún ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà gbọ́ lára òǹkà tí wọ́n ń kà sínú. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ka owó sínú, tí ẹnu ò ní mì, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín má bàa mọ iye tí ẹ pa. Irú òǹkà bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ẹ̀, ó sì jáde.

Kí àyà yín má já. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí kò lè ṣe.

Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi irú ẹ̀rọ yìí sí èèyàn lórí kó má mọ̀. Iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n á ṣí agbárí, kò sì lè mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà jókòó kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ ní kí aláìsàn kàn ronú bó ṣe wù ú, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ kọ síta kò ní orí, kò ní ìdí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé inú abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ọpọlọ sí, irọ́ ni. Ẹ má tìtorí ẹ̀ ti ọmọ mọ́lé lọ́jọ́ àjẹsára. Àìsàn èéyi tó ń pa ọmọ kò ní bi yín léèrè ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín náà ò lè gbọ́ ohun tí ẹ rò. Ohun tí ẹ tẹ̀ sí i, ohun tí ẹ sọ sí i àti ibi tí ẹ gbé e lọ ló lè mọ̀. Ìyẹn náà sì tó nǹkan tí a ń ṣọ́ra fún.

Ṣé a wá lè sọ pé kò sí ewu? Rárá o. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fúnra wọn rí ewu rẹ̀, wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn méjì sí i. Ilẹ̀kùn kìíní: wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń tiraka láti sọ àti èyí tó ń bá ara rẹ̀ sọ, kó sì fi èyí tó ń bá ara rẹ̀ sọ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kejì dà bíi kóòdù MoMo yín. Aláìsàn á kọ́kọ́ sọ gbólóhùn kan sínú, èyí tí kò lè ṣèèṣì wá síni lọ́kàn. "Chitty chitty bang bang" ni wọ́n lò, orúkọ ìwé ọmọdé kan nílẹ̀ òyìnbó. Bí kò bá tíì rò ó, ẹ̀rọ á di odi. Bó bá ti rò ó, ẹ̀rọ á ṣí. Ó ju ìgbà 98 lọ nínú 100 tí ẹ̀rọ fi mọ kóòdù náà dájú.

Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ nìkan kì í ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa bèèrè pé: lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà? Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ti gbọ́, níbo ni wọ́n kó o pa mọ́ sí? Ta ló lè tà á? Bí aláìsàn bá ní òun ò ṣe mọ́, ṣé wọ́n á pa á rẹ́?

Ní orílẹ̀-èdè Chile, ìbéèrè yìí ti dé ilé ẹjọ́. Wọ́n fi í sínú òfin tó ga jù lọ ní ọdún 2021 pé kí wọ́n máa dáàbò bo ohun tó ń ti ọpọlọ èèyàn jáde. Guido Girardi, tó ti ṣe sẹ́nétọ̀ rí níbẹ̀, pe ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Emotiv, lẹ́jọ́. Ó ra ohun kan tí wọ́n ń dè mọ́ orí lọ́wọ́ wọn, tó ń ka iná wẹ́wẹ́ tó ń ti ọpọlọ jáde. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi abẹ gbé wọ inú, kò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Chile pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ náà pa gbogbo ohun tó gbà lórí ọkùnrin náà rẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú UNESCO, tí Bénin wà lára wọn, fọwọ́ sí ìlànà kan fún gbogbo ayé lórí irú ẹ̀rọ ọpọlọ báyìí, pé ìyọ̀ǹda ẹni àti àṣírí ọkàn ẹni gbọ́dọ̀ ní ààbò.

Ní ilé wa níbí, òfin tí wọ́n ń pè ní Code du numérique wà láti ọdún 2018. Ó ní ohun tó jẹ mọ́ ìlera èèyàn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè máa gbà, kó máa kó o kiri bó ṣe wù ú. Àjọ tó ń mójú tó o ni APDP, ní Cotonou. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yẹn wà lọ́kàn yín. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ẹ̀rọ tàbí ìwé ìwádìí ìlera síwájú yín, yálà ti orí ni tàbí ti ẹ̀jẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè kí ẹ tó tẹ̀ka: kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ta ló máa rí i? Ṣé mo lè yọwọ́ lọ́la?

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ lè ní ẹ̀rọ òyìnbó nìyẹn, ó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò, wọn ò tíì máa tà á, kí ló wá kàn wá ní Albarika? Ó kàn wá, nítorí pé aláìsàn tí ọ̀rọ̀ há sí nínú ń bẹ nínú ilé wa. Àwọn dókítà ọpọlọ ti rìn láti ilé dé ilé ní Parakou yìí láti ka àwọn tí AVC ti kọlù. Àrùn àdúgbò wa ni. Kí la sì máa ń ṣe sí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́? A máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀. A máa ń ní "kò mọ nǹkan kan mọ́". A máa ń pín ẹrù rẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn á mú fóònù ìyá, wọ́n á wá kóòdù MoMo rẹ̀ rí. Àwọn kan á gbé àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ìwé ilẹ̀. Òun á sì máa wò wọ́n.

Ẹ̀rọ yẹn ti jẹ́rìí ohun kan fún wa: ẹnu lè kú kí ọ̀rọ̀ má kú. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé lónìí.

A ò nílò iṣẹ́ abẹ láti gbọ́ ẹ. Ọkùnrin ará Faransé kan wà, Jean-Dominique Bauby, olóòtú ìwé ìròyìn Elle. AVC kọlù ú ní ìdí ọpọlọ ní oṣù kejìlá ọdún 1995. Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ ló kù tó lè fi sọ̀rọ̀. Ẹnì kan jókòó tì í, ó ń ka lẹ́tà síta lọ́kọ̀ọ̀kan, Bauby á sì ṣẹ́jú nígbà tó bá dé orí èyí tó fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ odidi ìwé kan, tó jáde ní 1997. Ojú kan àti ẹnì kan tó ní sùúrù ni wọ́n lò.

Nílé tiyín, ẹ bá aláìsàn ṣe àdéhùn. Kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan fún "bẹ́ẹ̀ ni", lẹ́ẹ̀mejì fún "rárá". Bí ọwọ́ rẹ̀ kan bá ṣì ń mì, kó fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ẹ ti mọ èsì rẹ̀, bóyá orúkọ ọmọ rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá àdéhùn yé e. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró. Ẹ má bá a dáhùn. Ẹ ya ife omi, àwo oúnjẹ, ibùsùn àti ilé ìyàgbẹ́ sórí páálí, kó máa fi ojú tọ́ka sí i. Ẹni tó bá mọ̀wé, kí ọmọ ilé máa ka lẹ́tà fún un.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un. AVC mìíràn máa ń ba ibi tí ọpọlọ ti ń to ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹni náà á fẹ́ sọ "omi", "ṣíbí" ló máa bọ́ sí i lẹ́nu. Ó tiẹ̀ lè má lóye gbogbo ohun tí ẹ sọ. Òun náà ò ya wèrè. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí gbólóhùn kúrú, kí ẹ fi ọwọ́ júwe, kí ẹ sì bi dókítà nípa ẹni tó lè tún ọ̀rọ̀ kọ́ ọ.

Èyí tó dára jù ni kó má dé bẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí gbogbo wa ń pè ní tension, ló máa ń fa AVC jù. Kì í dunni, kì í kígbe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún yín ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Bí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara yá. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù nínú ọbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹnu èèyàn dédé wọ́ sápá kan, tàbí tí apá kan ò ṣeé gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ dédé wúwo lẹ́nu rẹ̀, ẹ má dúró de àárọ̀. Ẹ má bu omi, ẹ má bu àgbo sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ibi èémí lọ. Ẹ wo aago tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí CHUD lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, bí ẹ bá padà dé ìdí igbá yín, tí oníbàárà ń ná ọjà, kí ẹ rántí iye tó wà nínú yín tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bó ṣe jẹ́ tiyín yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá àgbà tó dùbúlẹ̀ sínú yàrá jẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bi í kó tó sọ ọ́. Bó bá sì ní òun ò sọ, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún un.

Ọlọ́run á jẹ́ ká máa fi ẹnu ara wa sọ ọ̀rọ̀ ara wa. Ó di ìgbà mìíràn.